Òòyà Ń Bà Mí Lẹ́rù Ju Agbákò Lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Onídìrí. Láti kékeré ni ẹ̀rù onídìrí ti ń bà mí. Ẹni tó ń dirun fún mi nígbà yẹn a máa fi orúnkún há mi lọ́rùn. Bí mo bá mira pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yìn òòyà ló máa fi kàn mí lórí. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, rílásà bó mi lórí. Látìgbà náà, tí kì í bá ṣe wíìgì, mo ti gé e mọ́lẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀, wọ́n ní gbogbo wa la máa dirun. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo rí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ bàbá mi nínú àpótí, ìwé tí kì í jẹ́ kí n sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mò ń kà á fún àwọn ìbejì mi báyìí, ẹ̀rín ni Agbákò, iwin inú rẹ̀, ń pa mí. Kí ló dé tí iwin ò bà mí lẹ́rù mọ́, tí òòyà ṣì ń bà mí lẹ́rù? Kí sì ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Àpáta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì kú oríire ìgbéyàwó tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Agbákò kúrò ńlẹ̀. Láti ọdún 1938 tí ìwé Fágúnwà yẹn ti jáde, ojú mẹ́rìndínlógún tí Agbákò ní kò dín kan. Ẹ̀yin lẹ padà lọ bá a. Ọwọ́ yín lẹ fi ṣí ìwé, ẹ lè pa á dé nígbà tó bá wù yín, ẹ sì ti mọ̀ pé Àkàràògùn, ọdẹ inú ìwé náà, máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ onídìrí ni ẹ ò padà sí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ara á tù yín, ọkàn yín á sì gbà pé ewu gidi lẹ sá fún. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé yẹn, pé ẹ mọ ohun tó ń bọ̀, ẹ sì lè dá a dúró, òun la máa wá fún yín lórí àga.

Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé, àwọn tó ń lọ òde ló ń kún ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá níbí. Ọwọ́ onídìrí á máa yá, sùúrù rẹ̀ á sì kúrú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kẹ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dirun rárá. Ẹ kàn jókòó, kí ẹ máa wo ojú ẹni tí wọ́n ń dirun fún. Bó bá ń ṣẹ́jú pàkòpàkò, tí onídìrí sì ń sọ pé kó fara dà á, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Ìbàdàn. Èyí tó bá ń béèrè pé “ṣé kò le jù?” láìjẹ́ pé wọ́n ráhùn, ẹ ti rí onídìrí yín.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn yín pé ẹ̀rù ń bà yín, pé bí ẹ bá ti na ọwọ́ sókè, kó dúró. Ẹ má tijú. Mo ní kọ́sítọ́mà kan tó ń gé ẹran tà ní Bódìjà. Àáké ò bà á lẹ́rù, òòyà ni.

Ibi tí ìrora pọ̀ sí jù ni yíyà irun, kì í ṣe dídì rẹ̀. Irun gbígbẹ ni wọ́n ń ya, wọ́n á ki òòyà bọ ìdí irun, wọ́n á wọ́ ọ jáde, gbogbo ibi tó ta kókó á wá kó jọ sójú kan. Kí onídìrí wọ́n omi sí i, kó fi ìpara sí i, kó pín in sọ́nà mẹ́rin. Kó fi ọwọ́ kan di ìdí irun mú kí awọ orí má bàa fà, kó wá fi òòyà eléyín ńláńlá bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i pé kò dùn yín tó bí ẹ ṣe rò.

Bí irun yín bá ti gùn tó ohun tá a lè dì, ìpàkó-ẹlẹ́dẹ̀ ńláńlá, láìsí àtáṣímẹ́ǹtì, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kì í pẹ́, gèlè sì máa jókòó lé e dáadáa (gèlè náà ló máa bò ó lọ́jọ́ ìyàwó, ẹni tó ní kí gbogbo yín dirun kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni). Irun tó bá ń dùn yín tí ẹ ò lè sùn, tí kókó wẹ́wẹ́ yọ níwájú orí, ti le jù. Ẹ má lo Panadol lé e lórí; kí wọ́n tú u. Bí wọ́n bá ń fà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, irun ẹ̀gbẹ́ etí á máa lọ sẹ́yìn, ó sì lè má hù mọ́. Ẹni tó bá ti rí i pé ó ń lọ, dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn UCH ni kó lọ rí, kì í ṣe èmi.

Rílásà? Irun dídì kò nílò rẹ̀. Kọ́sítíìkì sódà, táwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa, wà nínú ọ̀pọ̀ rílásà. Èyí tí wọ́n kọ no-lye sí lára kò ní in, àmọ́ òun náà lè jóni, pàápàá bí èèyàn bá ti họ orí tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọrun. “Ẹ ní sùúrù kó mú” tí wọ́n máa ń sọ yẹn, àìmọ̀kan ni. Bó bá ti ń ta èèyàn, awọ orí ló ti ń jẹ. Omi ló kàn.

Ẹ mú ìwé yín dání. Ẹni tó ń kàwé á tẹrí síwájú, èyí sì dára gan-an nígbà tá a bá ń ṣe ìpàkó. Tá a bá dé iwájú orí, a máa ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ẹ bá lè kà á sókè, ó tún dára, àwọn ọmọṣẹ́ á dákẹ́ ariwo fún ìgbà díẹ̀.

Bí obìnrin bá wà nínú àwọn ìbejì, ẹ mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ kàn fẹ́ jókòó yẹn, kó má jẹ́ ojú yín tó le ló máa kọ́kọ́ rí. Nígbà tó bá kàn án, kí wọ́n dì í díẹ̀, kó dìde, kó sáré jáde, kó padà wá jókòó. Onídìrí tó bá ní òun ò ráyè ìyẹn, ẹ mú ọmọ yín, ẹ máa bá tiyín lọ.