Ẹ bi wá: Ta ni Victor Banjo, kí ló sì pa á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Bí nǹkan bá le, a máa ń wí pé "Ó le kú, ìjà Orè!" Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ló kó ọmọ ogun Bìáfírà wá síbẹ̀, pé nítorí ó fìdí rẹmi ní Orè ni Ojukwu fi ní kí wọ́n yìnbọn pa á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Victor Banjo lẹ ń bi wá. Iṣẹ́ ológun ló fi ayé rẹ̀ ṣe: ó wọ iṣẹ́ náà ní 1953, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka tó ń tún ọkọ̀ àti ohun ìjà ológun ṣe. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba January 1966 ni wọ́n tì í mọ́lé, láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀wọ̀n Ìlà-Oòrùn ló wà tí Ojukwu, olórí Bìáfírà, fi tú u sílẹ̀ ní 1967. Àmọ́ kò fìgbà kan fara mọ́ ọn pé kí Nàìjíríà pín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 9 August 1967, nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun Bìáfírà tí Banjo kó sòdí, nínú ọkọ̀ bí 100, gba afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Asaba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìbọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dún, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ibẹ̀ wà lẹ́yìn Bìáfírà.

Lójú tiwa, Bìní yìí ni ogun náà ti bàjẹ́, kì í ṣe Orè. Ohun tó ń mú kí ìkọlù òjijì lágbára ni pé ọ̀tá ò tíì ráyè múra. Banjo dúró ní Bìní, ó ń bá Ojukwu fa ọ̀rọ̀ ìṣàkóso agbègbè náà, ó sì sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní 14 August pé Nàìjíríà kan ṣoṣo lòun gbà gbọ́. Kí wọ́n tó dé Orè, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Murtala Muhammed ń kó Dífíṣọ̀n Kejì ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ jọ. Ẹ tún wò ó: àwọn 3,000 náà ti pín, àwọn kan lọ sí Warri, àwọn kan sí ọ̀nà Auchi. Àwọn tó kọjú sí Èkó wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, ọta àti epo ń ti òdìkejì odò wá, Èkó sì ṣì tó 200 kìlómítà níwájú.

Murtala gba Bìní padà ní 20 September. Láìpẹ́ sí i, lóṣù kan náà, wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu, olú-ìlú Bìáfírà, pẹ̀lú Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n dìtẹ̀ láti gbàjọba lọ́wọ́ Ojukwu. (Ifeajuna yìí kan náà ló gba góòlù ìfòsókè ní Vancouver ní 1954. Ó ń dunni.) Ní 4 October, Enugu fúnra rẹ̀ bọ́.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni oyè rẹ̀ gan-an?

ÌDÁHÙN: Lieutenant-Colonel ni ní Nàìjíríà; Bìrìgédíà ni wọ́n ń pè é ní Bìáfírà.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni Wọlé Ṣóyínká ṣe kàn án?

ÌDÁHÙN: Ó pàdé Banjo ní August 1967, ó sì bá a jíṣẹ́ fún Obasanjo tó jẹ́ ọ̀gá ológun ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ ti Ṣóyínká mọ́lé lóṣù náà, wọn ò sì tú u sílẹ̀ títí di October 1969.