Iwájú ilé ta ni ṣọ́ọ̀bù ráṣọ̀n wà?

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó fèsì. O ní o fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìrànwọ́ ará ìlú ní Íńdíà. O ní o kà á níbì kan pé látìgbà tí wọ́n ti ń fi ìtẹ̀ka àti kọ̀ǹpútà pín oúnjẹ, ìran tí wọ́n bí èèyàn sí kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ nínú ẹni tó ń rí ìrànwọ́ gbà, o wá bèèrè bóyá òótọ́ ni. Kì í ṣe òótọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà tí mo débẹ̀ lọ́dún 2016, ìgbàgbọ́ yẹn ni mo sì fi pa ìyá opó kan lára. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òfin wọn dára, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún ọ. Òfin oúnjẹ ọdún 2013 ní kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará abúlé àti ìdajì àwọn ará ìgboro máa gba ọkà lọ́wọ́ ìjọba, kílò 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, rúpìì 2 ni kílò àlìkámà kan, rúpìì 3 ni ti ìrẹsì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra jù, bí opó tí kò ní alátìlẹ́yìn, ń gba káàdì tí wọ́n ń pè ní Antyodaya, kílò 35 sì ni ti ilé wọn lóṣù. Wọ́n so káàdì yìí mọ́ Aadhaar, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní díjíìtì 12 (NIN tiwa ní 11). O tẹ̀ka, ẹ̀rọ dá ọ mọ̀, díílà, ìyẹn ẹni tó ń ta ọkà ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù ráṣọ̀n, wọn ọkà fún ọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Abúlé kan ní agbègbè Ajmer, ìpínlẹ̀ Rajasthan, ni wọ́n rán mi sí fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n bá mi wá yàrá sílé ìdílé Rajput kan, ìran tí wọ́n kà sí ẹni gíga. Ìyá onílé fẹ́ràn mi, ó ń pè mí ní beti, ìyẹn ọmọ mi obìnrin, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe roti, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Ojúlé kẹta sí wa ni ṣọ́ọ̀bù ráṣọ̀n wà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì ń tà níbẹ̀. Oríire ni mo kà á sí, pé mo sún mọ́ ibi iṣẹ́.

Àwọn Meghwal, ìran tí wọ́n ń kà sí aláìmọ́, ń gbé ní basti, ìyẹn àdúgbò, tiwọn lẹ́yìn adágún tó ti gbẹ, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ṣọ́ọ̀bù náà. Jati ni wọ́n ń pe ìran tí wọ́n bí èèyàn sí yìí. Kì í ṣe bí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, nítorí Ìjẹ̀bú lè fẹ́ Èkìtì, wọ́n á sì jọ jẹun nínú àwo kan. Ohun tí àwọn Ìgbò ń pè ní osu ló jọ jù nínú ohun tí àwa mọ̀. Kí ará basti tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé àwọn Rajput kọjá, àwọn àgbà wọn sì máa ń bọ́ bàtà wọn sọ́wọ́ tí wọ́n bá débẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1950 ni ìwé òfin Íńdíà ti fòpin sí kíka ẹnikẹ́ni sí aláìmọ́. B. R. Ambedkar, alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé náà, jẹ́ ọmọ ìran tí wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan omi ilé ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Lọ́dún 1927, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ mu omi adágún ìlú ní Mahad, omi tí gbogbo ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí. Mo ti ka gbogbo èyí nínú ìwé kí n tó lọ. N kò mọ̀ pé omi náà ni yóò là mí lójú.

Iṣẹ́ mi ni kí n wádìí bóyá ọgọ́ta ìdílé ń rí ráṣọ̀n wọn gbà. Àkọsílẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, ohun tó yẹ ká yìn ni: wàá rí ọjọ́, wàá rí iye kílò. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú ọmọ ojúlé wa kan ṣe ògbufọ̀, mo ń ti ilé dé ilé. Ṣé ẹ gbà á? A gbà á. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta, mo fi ìròyìn ránṣẹ́ pé gbogbo wọn ló gbà á.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, èmi nìkan ni mo lọ sí basti. Oòrùn ọjọ́ náà le. Ìyá opó kan bu omi fún mi nínú ìkòkò rẹ̀, mo mu ún. Kí n tó padà délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ife tí n kò rí rí ni ìyá onílé fi gbé tíì wá fún mi. Látọjọ́ náà, orí fèrèsé níta ni ife tèmi ń wà, èmi ni mo sì ń fọ̀ ọ́. Kò bú mi, kò lé mi. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní beti mọ́. Mo sunkún lóru yẹn, nítorí mo ti fẹ́ràn obìnrin náà.

Ọjọ́ kejì ni ìyá opó náà sọ òótọ́ fún mi. Ó ti rí i pé mo mu omi òun, ọmọ ojúlé wa kò sì sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kò fi gba àlìkámà. Òkúta tó ti ń fọ́ láti kékeré ti jẹ ìlà ìka rẹ̀. Tó bá tẹ̀ka, díílà á ní ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, kó padà wá lọ́la. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n, ìwé pélébé ti jáde, díílà á sì fi ìwé náà sápò. Ìyá kò mọ̀wé kà. Kílò 35 ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wà nínú ìròyìn tèmi pẹ̀lú ìfọwọ́sí mi. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì, ìròyìn yẹn ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀: àlejò láti Áfíríkà ti wá wò ó, ó ní ẹ gbà á.

Lọ́dún 2017, ọmọbìnrin ọdún 11 kan kú ní agbègbè Simdega, ìpínlẹ̀ Jharkhand. Wọ́n ti fagi lé káàdì ìdílé rẹ̀ nítorí wọn kò so ó mọ́ Aadhaar. Ìyá rẹ̀ ní ebi ló pa á, ìjọba ní ibà ni. Nígbà tí mo ka ìròyìn náà, ọkàn mi lọ sí basti.

Kì í ṣe ẹ̀rọ mìíràn ló gba ìyá opó náà sílẹ̀. Láti ọdún 1994 ni Mazdoor Kisan Shakti Sangathan, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ tí Aruna Roy wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní jan sunwai ní Rajasthan: wọ́n á ka ìwé owó ìjọba sókè lójú gbogbo abúlé, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ dìde sọ bóyá ó gbà á. Ìjàkadì wọn wà lára ohun tó bí òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005. Àwọn ọ̀dọ́ basti ṣe irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jiyàn lórí ibi tí wọn yóò ta tẹ́ǹtì sí, nítorí iwájú ilé Rajput kò ṣeé ṣe; pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n padà lò. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ ìyá, ó dìde, ó ká ìborí rẹ̀ sókè, ó ní, "N kò gbà á." Ẹni mọ́kànlá dìde tẹ̀lé e. Èmi náà dìde, mo sọ níwájú gbogbo wọn pé ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ díílà. Ọkà oṣù méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n fún ìyá padà. Nígbà tó yá, mọ̀lẹ́bí díílà náà ló tún gba ṣọ́ọ̀bù, lójúlé kan náà.

Wàá gbọ́ àríyànjiyàn púpọ̀ lórí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ní yunifásítì rẹ̀: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn Dalit (ìran tí wọ́n ń kà sí aláìmọ́, bí àwọn Meghwal), 7.5 fún àwọn Adivasi (àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀), 27 fún àwọn ìran mìíràn tó wà lẹ́yìn, àti 10 láti ọdún 2019 fún tálákà tí kò sí nínú àwọn yẹn. Fetí sílẹ̀ sí tọ̀túntòsì. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé Dalit tó jẹ́ Híńdù, Sikh tàbí ẹlẹ́sìn Búdà nìkan ni ìdá 15 yẹn wà fún; ẹni tó bá di Kristẹni tàbí Mùsùlùmí ti jáde nínú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn tó ń gbé ife sọ́tọ̀ kì í bèèrè ìjọ tí èèyàn ń lọ.

Má sì fi Rajasthan ṣe gbogbo Íńdíà. Ní Tamil Nadu, wọn kì í ṣa tálákà lẹ́sà, ẹni tí kì í ṣe tálákà pàápàá lè gba ìrẹsì ráṣọ̀n. Èmi gbà pé ìyẹn dára jù, nítorí díílà tó bá jí ọkà níbẹ̀ jí ti ẹni tó lè pe agbẹjọ́rò.

Nítorí náà, tí o bá dé abúlé, bèèrè iwájú ilé ta ni ṣọ́ọ̀bù wà kí o tó bèèrè iye kílò. Má mú ògbufọ̀ láti ojúlé díílà. Sùn ní apá méjèèjì tí wọ́n bá gbà ọ́. Bèèrè ìwé pélébé náà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ka, má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Mo kọ àtúnṣe sí ìròyìn mi, mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ló ṣì wà nínú fáìlì wọn, orúkọ ìyá náà ṣì wà níbẹ̀: àlìkámà, kílò 35, ó gbà á.