Èsì: Ìwé wo ló nílò òǹtẹ̀ nótárì?

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ bèèrè bóyá ìwé àdéhùn ilé tí ẹ háyà, ìwé ìhágún bàbá yín, àti ìwé àṣẹ tí àbúrò yín máa fi bá yín ta ilé lókè òkun gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ nótárì, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé.

Ti ilé háyà kò le: ìbuwọ́lùwé ẹ̀yin àti onílé sábà máa ń tó. Ní ti ìwé ìhágún, láwọn ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lé òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní jogún nínú rẹ̀ ni òfin ń wá. Òǹtẹ̀ kò lè dípò wọn.

Ìwé àṣẹ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i nílé! Iṣẹ́ nótárì ni láti yẹ káàdì ìdánimọ̀ yín wò, kó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, láìsí ẹni tó fipá mú yín. Ní Jámánì, àdéhùn títa ilẹ̀ tàbí ilé pàápàá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí nótárì. Tí orílẹ̀-èdè tí ẹ ti fọwọ́ sí i àti èyí tí ilé náà wà bá jọ wà nínú Àdéhùn Hague ti 1961, tó dá lórí ìwé tí wọ́n máa lò nílẹ̀ òkèèrè, ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní apostille lé e, èyí tó ń fi hàn pé ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ nótárì náà jẹ́ ojúlówó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọ̀dọ̀ ẹ́ḿbásì. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó máa gba ìwé náà léèrè ohun tó fẹ́, kí ẹ tó náwó.