Trust ìbọn láti Texas sí Maryland: ẹ má ṣe ra òmíràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Houston ni mo ti ṣe trust tó ni sáìlẹ́ńsà (ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù) mi kan àti ráífù kan tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Maryland lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù sọ pé trust Texas kò níláárí mọ́ bí mo bá ti kó kúrò, pé kí n ra ti Maryland, kí n sì kọ nọ́ńbà àwọn ohun èlò náà sínú rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ má sì san owó náà. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń ta ìwé fún àwọn ènìyàn wa ló ń tì wọ́n sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ń dá. Trust, ìyẹn ìwé tí ẹ fi gbé dúkìá lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́, kì í kú nítorí pé ẹni tó ṣe é kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí tó bá òfin Texas mu lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i ṣì jẹ́ trust ní Maryland. Àwọn ohun èlò tí ẹ fẹ́ gbé kọjá ààlà ni òfin ń ṣọ́.

Trust tuntun ló lè kó yín sí wàhálà. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1934 tí à ń pè ní NFA, sáìlẹ́ńsà àti ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínǹṣì 16 gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, lórúkọ ẹni tó ni wọ́n, orúkọ trust yín ti Houston gan-an ló sì wà lórí Fọ́ọ̀mù 4, ìwé ìtọrọ àṣẹ láti gbé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí wọ́n fọwọ́ sí. Lójú òfin, trust ti Houston àti ti Maryland kì í ṣe ẹnì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe méjèèjì. Bí ẹ bá mú ohun èlò kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ẹ ti gbé e fún ẹlòmíràn nìyẹn: Fọ́ọ̀mù 4 tuntun ni, pẹ̀lú ìtẹ̀ka àti fọ́tò gbogbo alábòójútó, bí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ láti oṣù keje ọdún 2016, ìfọwọ́sí sì gbọ́dọ̀ dé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Òótọ́ ni pé owó orí 200 dọ́là lórí irú àwọn ohun èlò méjèèjì yìí ti di òdo láti oṣù kìíní ọdún 2026, ṣùgbọ́n owó nìkan ni wọ́n mú kúrò. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn trust tuntun, lójú ewé tí wọ́n ń pè ní Schedule A, kò yí nǹkan kan padà nínú ìwé ATF. Bí ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀ tí C of O rẹ̀ ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn ni. Ti ìbọn yìí lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Àtúnṣe lẹ nílò: ìwé kúkúrú kan tó yí àdírẹ́sì padà, tó sì sọ òfin ìpínlẹ̀ tí trust yóò máa tẹ̀ lé, kí ẹ fọwọ́ sí i níwájú nótárì. Ẹ má fi ọwọ́ kan orúkọ trust, kódà lẹ́tà kan.

Fún ráífù yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi Fọ́ọ̀mù 5320.20, èyí tí a fi ń tọrọ àṣẹ láti gbé e kọjá ààlà ìpínlẹ̀, ránṣẹ́ sí ATF, kí ìfọwọ́sí sì padà dé ọwọ́ yín kí ráífù tó kúrò ní Texas. Wọn kì í gbowó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ lónìí. Bí kò bá tíì dé lọ́jọ́ ìkólọ, ẹ fi ráífù náà sílẹ̀ ní Texas lọ́wọ́ alábòójútó mìíràn tó ń gbé níbẹ̀. Sáìlẹ́ńsà kò nílò fọ́ọ̀mù yìí. Ẹ má kó ọ̀kankan nínú wọn sínú ọkọ̀ àwọn akẹ́rù, torí awakọ̀ wọn kì í ṣe alábòójútó trust yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wà á lọ, kí ẹ má sì gba inú ìlú Washington kọjá.

Òfin Maryland náà ń dúró dè yín. Wọ́n gba sáìlẹ́ńsà láyè níbẹ̀. Ká ní Illinois tàbí New Jersey lẹ̀ ń lọ ni, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n Maryland fòfin de ráífù aládàáṣe ìdajì (èyí tó ń ki ọta tó kàn fúnra rẹ̀, tó sì ń yin ẹyọ kan nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́) tó ń lo ọta sẹ́ńtáfáyà, ìyẹn ọta tí ohun tó ń tanná sí i wà láàárín ìdí rẹ̀, bí gígùn rẹ̀ lápapọ̀ kò bá tó ínǹṣì 29, trust kankan kò sì lè gbà yín lọ́wọ́ òfin ìpínlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ ní Maryland wo ráífù náà kí ẹ tó gbé e, torí èmi kò rí ohun èlò yín, n kò sì rí ìwé yín. Bí ẹ bá ní ìbọn ìléwọ́, ọjọ́ 90 lẹ ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà.

Bí ẹ ti ń ṣe àtúnṣe yẹn, ẹ yẹ orúkọ àwọn alábòójútó wò. Àwọn kan ti fi àbúrò wọn tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ní green card kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ ní ìbọn níkàáwọ́, àyàfi níwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú tiyín, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́.