Èsì: Ṣé ọdún 1914 ni eré Douglas Clark parí?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá lóòótọ́ ni Douglas Clark fi ẹkún kúrò lórí pápá ní Sydney lọ́dún 1914, àti bóyá ibẹ̀ ni eré rugby league rẹ̀ (irú rugby tí ènìyàn 13 ń gbá ní ìhà kọ̀ọ̀kan) parí sí. Òótọ́ ni ti ẹkún, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò parí síbẹ̀ rárá.

Ọmọ agbègbè Cumberland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, agbábọ́ọ̀lù iwájú tó sì lo nǹkan bí 20 ọdún ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Huddersfield. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1914, nígbà tí ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Ọsirélíà gbá ìdíje kẹta láàárín ọjọ́ 8 péré, àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́, wọ́n dì í, ó ń bá eré lọ. Nígbà tí egungun èjìká rẹ̀ náà tún ṣẹ́, wọ́n so apá rẹ̀ mọ́ ara, ó padà wọlé, àmọ́ agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́. Òfin ìgbà náà kò gba àfirọ́pò. Nítorí pé àwọn mìíràn náà farapa, àwọn 10 péré ló kù lórí pápá nígbà kan, síbẹ̀ wọ́n borí pẹ̀lú 14 sí 6. Lójú tèmi, ìrora nìkan kọ́ ló pa á lẹ́kún.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Huddersfield gba gbogbo ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì na ẹgbẹ́ St Helens 37 sí 3 nínú àṣekágbá ọ̀kan nínú wọn, Challenge Cup. Ogun Àgbáyé Kìíní gbé e lọ sí Passchendaele, ojú ogun kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tó ti fara gbọgbẹ́, tó sì fa gáàsì olóró símú. Wọ́n fún un ní Military Medal, àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú ogun. Lọ́dún 1920, ó tún bá ikọ̀ náà lọ sí Ọsirélíà. Ó sì tún jẹ́ ògbóǹtarìgì oníjàkadì.