Wọ́n ní "masculine energy" mi ti pọ̀ jù

Àbúrò mi oníṣòwò l'Ọ́jà Ìgbọ̀nà, mo ti ka lẹ́tà ẹ. O ní o ti pé ọmọ ọdún 31, o ń ta àdìrẹ àti áńkárá, ìwọ àti bọ̀ọ̀dá tíṣà kan ti jọ ń fẹ́ra yín bọ̀ tipẹ́ àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́, ni ọ̀rẹ́ ẹ bá fi fídíò kóòṣì ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan hàn ẹ́ lórí TikTok pé masculine energy ẹ, ìyẹn ìwà bí ọkùnrin, ló pọ̀ jù, òun ló ń lé ọkọ sá. Látìgbà yẹn o ò pè é àfi tó bá kọ́kọ́ pè, o ò mú owó jáde mọ́ tẹ́ ẹ bá jọ lọ jẹun l'Ókè-Fìà, ohunkóhun tó bá bi ẹ́, "bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́" lò ń sọ. Ó wá ń bi ẹ́ pé ṣé ara ẹ ò yá ni.

Ìbéèrè yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yìí o. Ọkùnrin tí ẹnu ẹ ń lé sá, ṣé ó máa wá ẹnu náà nígbà tí ò rí i mọ́? Ìwọ tó fẹ́ràn ló ń wá yẹn.

Ọ̀rọ̀ energy yìí, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti mú un ni ọ̀dọ̀ Carl Jung, dókítà ọmọ Switzerland tó kú ní 1961. Ohun tí bàbá yẹn sọ ni pé obìnrin wà nínú gbogbo ọkùnrin, ọkùnrin sì wà nínú gbogbo obìnrin, kéèyàn má sì sá fún èyíkéyìí. Ta ló wá ní kó o di odi?

Òṣogbo la sì wà yìí, ìlú Ọ̀ṣun! Àwọn babaláwo ń kà á nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́ Túrá pé àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin 16 tó wá tún ayé ṣe ò ka Ọ̀ṣun sí torí pé obìnrin ni, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló ń dàrú títí wọ́n fi lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun yẹn náà ló ni idẹ, ìlẹ̀kẹ̀, òòyà àti oyin. Kò fi agbára ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀ṣọ́.

Àmọ́ ibì kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ wí, o sáré kọjá níbẹ̀. O ní bọ̀ọ̀dá tíṣà fẹ́ bá ẹ kan pátákó ṣọ́ọ̀bù tó já, ó lọ wá hámà, kó tó dé o ti pe káfíńtà, o ti sanwó. Háà, àbúrò mi! Ìyẹn ò kan ọkùnrin àbí obìnrin, tí wọn ò bá jẹ́ kí ìwọ náà ṣe nǹkan fẹ́ni tó o fẹ́ràn, ó máa dùn ẹ́. Jẹ́ kó kàn án jàre, kódà kó wọ́.

Ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́, o sọ pé òun ló ń san ṣúkúù fíìsì àwọn àbúrò ẹ̀ méjèèjì. Ṣé o ti bi í bóyá owó yẹn ló ń dí i lọ́wọ́? O ò bi í, kóòṣì lo lọ gbọ́. Pè é fúnra ẹ lọ́jọ́ Sunday, sọ ọ̀rọ̀ fídíò yẹn fún un láìfi bò, kó o wá bi í pé ìgbà wo làwọn èèyàn ẹ̀ ń bọ̀ wá mọ àwọn èèyàn ẹ. Tó bá ní owó ni, ẹ jọ jókòó ṣírò ẹ̀. Tó bá ní òun ò lè fẹ́ obìnrin tó ń mú owó jáde, ó sàn kó o gbọ́ ọ báyìí kí wọ́n tó pín aṣọ ẹbí. Kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ mọ èsì tó fún ẹ.