Afárá Tuntun Lórí Oregon Inlet: Kí Ló Kan Ẹyẹ àti Ìjàpá Òkun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Raleigh ní ìpínlẹ̀ North Carolina ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Nígbà ìsinmi, a gba orí afárá Marc Basnight kọjá lọ sí erékùṣù Hatteras. Wọ́n sọ fún wa pé afárá Bonner tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbó ni wọ́n ṣe kọ́ òmíràn, àti pé àwọn tó ń jà fún ẹranko igbó pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Kí ni afárá fi ṣe ẹyẹ àti ìjàpá òkun? (Òǹkàwé yín, Raleigh)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Lójú tiwa, afárá gan-an kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, bí kò ṣe títì NC 12 tí afárá náà já sí. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí afárá Bonner, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì rò pé yóò lò, àmọ́ ó di ọdún 2019 kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1990, ìjì gbé ọkọ̀ tí ń wa iyanrìn lábẹ́ omi lù ú, apá kan rẹ̀ sì wó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, omi ti gbẹ́ iyanrìn ìdí ọ̀pó rẹ̀ débi pé wọ́n ní láti tì í pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé láìsí i, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni àwọn ará Hatteras ìbá máa wọ̀ jáde.

Ìjì ló la ẹnu ọ̀sà Oregon Inlet ní ọdún 1846, ó sì ti sún lọ sí gúúsù ju máìlì méjì lọ láti ìgbà náà, nítorí pé iyanrìn tí ìgbì ń kó bọ̀ láti àríwá ń kún etí kan, tí omi sì ń jẹ etí kejì. Etí tí omi ń jẹ yìí ni afárá gúnlẹ̀ sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to òkúta ńláńlá síbẹ̀, iṣẹ́ tó parí ní ọdún 1991, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má bàa wọ omi lọ. Àwọn ará Èkó tó mọ bí òkun ṣe jẹ Bar Beach lẹ́yìn tí wọ́n to òkúta sí ẹnu ọ̀sà láàárín ọdún 1908 sí 1912 yóò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún etíkun.

Láti ẹsẹ̀ afárá yìí ni títì ti wọ Pea Island, ilẹ̀ ní apá àríwá Hatteras tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ láti ọdún 1938, ó sì gba inú rẹ̀ kọjá fún nǹkan bí máìlì 13. Erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkun ní apá kan, ọ̀sà Pamlico ní apá kejì. Bí ìjì bá jà, omi òkun á gorí ilẹ̀, á sì da iyanrìn sí apá ọ̀sà. Ohun tí ilẹ̀ pàdánù níwájú, á rí díẹ̀ gbà padà lẹ́yìn. Àmọ́ bí títì bá wà níbẹ̀, katakata á dé lẹ́yìn ìjì, wọ́n á gbá iyanrìn náà padà, wọ́n á sì mọ ọ́n ní òkìtì gíga sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ilẹ̀ náà á wá máa tín-ín-rín sí i láti iwájú àti láti ẹ̀yìn.

Ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní piping plover kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Ojú iyanrìn gbalasa tí ìjì ti gbá mọ́ ló máa ń fẹsẹ̀ ha kòtò kékeré sí, tí á yé nǹkan bí ẹyin mẹ́rin tí àwọ̀ wọn jọ iyanrìn gẹ́lẹ́. Kò tó ọjọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ bá pa tí yóò fi máa sáré lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ ní ojú ilẹ̀ olómi. Òkìtì gíga tí koríko bò kò wúlò fún un rárá. Ní ti ìjàpá òkun, òru ni abo máa ń gun etíkun wá yé ẹyin, ibi tó bá sì mọ́lẹ̀ jù ni ọmọ rẹ̀ ń forí lé, nítorí náà iná mọ́tò àti ti ilé lè ṣì í lọ́nà.

Ohun tí àwọn olùpẹ̀jọ́ ń sọ ní ọdún 2011 ni pé ìjọba ń kọ́ afárá tí yóò lo ọgọ́rùn-ún ọdún já sórí títì tí òkun ti fẹ́ gbé lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ìjì Irene gé títì náà sí méjì. Àbá kan wà pé kí wọ́n kọ́ afárá máìlì 17 gba inú ọ̀sà kọjá, àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n parí ìjà ní ọdún 2015: afárá tuntun ń lọ, àmọ́ wọ́n á gbé títì kúrò ní apá gúúsù Pea Island. Ìyẹn ló bí afárá Rodanthe tó gba orí ọ̀sà kọjá, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022. Òjìji afárá yìí lè pa koríko inú ọ̀sà lára, inú koríko yẹn ni ọmọ ẹja àti alákàn sì ń dàgbà sí. Síbẹ̀, a gbà pé ọ̀nà yìí ló sàn jù, a sì fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù títì náà kí òkun tó fipá mú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Níbo ni wọ́n kó afárá àtijọ́ náà sí? (Òǹkàwé kan náà)

ÌDÁHÙN: Wọ́n kó púpọ̀ nínú kọnkéré rẹ̀ lọ sí agbami, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ sí àwọn ibi tí ìjọba ti yàn kí ẹja lè fi ṣe ilé. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ ní ìhà gúúsù fún àwọn tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n fi ìwọ̀ pẹja.